Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Kọ̀ Láti Gbó

Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, jagunjagun ara, ti ń jáde wá. Bí ó bá gbó tán, a jagun, a sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní promyelocytic leukaemia, èwe ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń ṣe títí. Ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í dì dáadáa mọ́, ó sì lè sun ẹ̀jẹ̀ kú kíákíá.

Ní ìlú Shanghai, Wang Zhenyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé oògùn olóró tí ń pa sẹ́ẹ̀lì. Retinoic acid, ìbátan fítámì A, ni wọ́n fún aláìsàn 24. Ní 1988 wọ́n kéde pé àìsàn náà káṣẹ̀ nílẹ̀ lára gbogbo wọn. Báwo? Ọ̀pá tín-ín-rín kan, ọ̀pá Auer, a máa wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí. Lábẹ́ awò, a tún rí ọ̀pá kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti gbó! Kì í ṣe àjèjì ni ó gba ipò wọn, bí ẹnìkan ìbá ti rò. Àwọn olóríkunkun náà gan-an ni ó dàgbà, tí wọ́n sì kú ikú àgbà. Àìsàn náà padà bá àwọn kan lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Lónìí, a máa ń fi oògùn arsenic kún un.