Ọ̀ṣán Tó Wà Nínú Etí

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ará Èjìgbò bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọdún Òrìṣà Ògìyán bá dé, tí àwọn ará Òṣolò àti Òkè Màpó bá ń na ara wọn ní àtòrì, ìlù kò ní í gbẹ́yìn. Àyàn á gbé ìyá ìlù kọ́ èjìká, á fi ọwọ́ ọ̀tún mú kọ̀ǹgó, ọwọ́ òsì á wà lára ọ̀ṣán. Bó bá fún ọ̀ṣán, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ọwọ́ òsì yìí gan-an ló ń sọ ìlù di ọ̀rọ̀. Ká wá ní ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń fún ọ̀ṣán nígbà tí kò yẹ kó fún un. Ìlù kò fọ́, awọ kò ya, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tó ń wí.

Irú ìlù bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé etí ní awọ. Àwọn tó mọ̀ pé ó ní ọ̀ṣán kò pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà wá tí etí bá ń pàpà, tó di, tí ohùn sì ń yí padà nínú rẹ̀ láìsí ìrora, láìsí ọyún, láìsí ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí.

Awọ ìlù etí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eegun kéékèèké mẹ́ta ti so kọ́ra. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn kò ju bíi mílímítà 3 lọ, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo eegun ara. Iṣan méjì ló so mọ́ wọn, àwọn sì ni ọ̀ṣán etí. Ìkínní dì mọ́ eegun tó lẹ̀ mọ́ awọ. Bó bá fà, awọ á le. Ìkejì dì mọ́ eegun tó kéré jù yẹn. Òun náà ló kéré jù nínú gbogbo iṣan tó ń fa eegun, nǹkan bíi mílímítà 6. Ìkejì yìí máa ń fà tí ariwo ńlá bá bú, tàbí tí àwa fúnra wa bá ń sọ̀rọ̀, kí ohùn má baà pọ̀ jù fún etí. Ìkínní máa ń fà tí a bá ń jẹun, tí nǹkan bá kàn wá lójú, tàbí tí a bá ta gìrì. Bí iṣẹ́ wọn bá ń lọ bó ṣe yẹ, a kì í mọ̀ pé wọ́n wà.

Ìgbà tí ọ̀ṣán bá ń fà láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń dìde. Ẹni tó ń ṣe á ní kòkòrò wọ òun létí, pé ó ń ju ìyẹ́. Wọ́n á tan iná wò ó, wọn kò ní rí kòkòrò kankan. Pàpàpà náà á lù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ lóru nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́. Nígbà mìíràn, ìró àwo tó kọlu àwo ni yóò jí i, tàbí igbe ọmọdé. Àárẹ̀, àìrí oorun sùn, àníyàn àti eyín tí èèyàn ń rún mọ́ra lójú oorun máa ń dá kún un. Wo èrò tó wọ bọ́ọ̀sì láti Àbíjàn, tó gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá kó tó fojú kan Èjìgbò. Ó pẹ́ tó ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sì rí oorun gidi sùn. Bí etí rẹ̀ bá ń pàpà lọ́jọ́ kejì, oorun ló kọ́kọ́ yẹ kó wá, kó tó wá aládùúrà.

Etí dídi ní ọ̀nà tirẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró kan wà tó ti inú etí lọ sí ẹ̀yìn imú, gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà tó nǹkan bíi mílímítà 35. Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì tó kú ní 1574, ló ṣàlàyé rẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń pè é títí dòní. Pípadé ló máa ń wà. Tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán, á ṣí fírí, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bí kàtá tàbí eruku ọyẹ́ bá mú kó wú, afẹ́fẹ́ tuntun kò ní ráyè wọlé mọ́, awọ á fà sínú, ohùn á máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Òdìkejì rẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ojú ọ̀nà náà lè kọ̀ láti padé. Ẹni tó bá rù lójijì tàbí aboyún lè ní in. Ohùn ara rẹ̀ á máa dún gbọ̀ngbọ̀n nínú orí rẹ̀, á máa gbọ́ èémí ara rẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó tẹrí ba, á lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rò pé etí òun di, á lọ ra oògùn kàtá, oògùn náà á sì tún mú un le sí i.

Èyí tó yẹ ká fojú sílẹ̀ fún jù ni ohùn tó yí padà. Nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àwọn eegun mẹ́ta yẹn, omi wà níbẹ̀, àti nǹkan bí 15,000 ohun tín-tìn-tín tó ń sọ ìró di iṣẹ́ tí ọpọlọ lè gbà. Bí ìdààmú bá dé ibẹ̀, etí ọ̀tún lè gbọ́ ohùn kan sókè, kí etí òsì gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Ìyà ni fún ẹnikẹ́ni, ó wá tún le fún àwa tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa padà. Ní 1861, ní Paris, Prosper Ménière ṣàlàyé fún àwọn oníṣègùn pé òòyì tó ń kọ́ àwọn kan lè ti inú etí wá, pé kì í ṣe ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ máa ń mú etí di, á mú un hó, á mú ìgbọ́ràn lọ sókè sódò, òòyì rẹ̀ a sì máa gba ogún ìṣẹ́jú títí dé wákàtí 12.

Báwo ni èèyàn ṣe lè fura sí ibi tó ti ń wá? Pa ẹnu dé, kí o kùn hùn-ùn. Bí ìkùn náà bá pọ̀ sí etí tó di, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níwájú ni ìdènà wà: ìdọ̀tí etí, omi tàbí kàtá. Bó bá sá lọ sí etí tó dára, ó lè jẹ́ inú lọ́hùn-ún ni wàhálà wà. Irú ìdánwò yìí ni dókítà ń fi irin tó ń dún ṣe níwájú orí, àmọ́ kò lè rọ́pò ojú dókítà. Bí etí kan bá ṣàdédé lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ìkùn sì sá lọ sí òdìkejì, má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kó o tó lọ sílé ìwòsàn. Oògùn steroid wà tí wọ́n lè fún èèyàn, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bákan náà ni kí ẹni tí ojú rẹ̀ yẹ̀ sápá kan má ṣe pẹ́ nílé, àti ẹni tó ń gbọ́ lílù ọkàn rẹ̀ nínú etí kan ṣoṣo.

Ohun tí a ń ṣe nílé ló ń ba púpọ̀ jẹ́. Ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná àti owú orí ọ̀pá ń ti ìdọ̀tí wọlé, wọ́n sì lè ya awọ. Òróró gbígbóná lè jó o. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí èèyàn gbà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà lè pa ìgbọ́ràn títí láé. Kuníìnì náà lè mú etí hó.

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun kò jìnnà sí Èjìgbò. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo, ní ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní UCH Ìbàdàn. Àmọ́ kí èèyàn mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á wo inú etí, á dára. Wọ́n á fi ẹ̀rọ dán ìgbọ́ràn wò, láti ìró 250 Hz dé 8,000 Hz, á dára. Ìdánwò yẹn ń wá ìró tó kéré jù tí etí lè gbọ́, kì í wá ọ̀ṣán tó ń gbọ̀n. Ọ̀ṣán náà sì lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní gbogbo àkókò tí dókítà fi ń wò ó. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń wọn bí awọ ṣe ń mì. Bó bá bá a nígbà tó ń pàpà, á rí i. Nítorí náà, "a kò rí nǹkan kan" kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni aláìsàn ń pa, kò sì sọ ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ ayé. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: ohun tó lè pa ìgbọ́ràn kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìgbé ayé pẹ̀lú rẹ̀ ló kù. Ìdákẹ́ rọ́rọ́ kì í ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń dí etí rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, etí rẹ̀ á túbọ̀ máa ta gìrì sí ohun kékeré. Rédíò tí ohùn rẹ̀ kò pọ̀ tàbí fáànù lóru sàn jù. Kí èèyàn máa sùn dáadáa, kó yé máa tẹ́tí wò bóyá ó ti tún bẹ̀rẹ̀, torí pé ìfura náà ń fún ọ̀ṣán. Bó bá le jù, dókítà ní oògùn tó ń mú iṣan rọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé iṣan náà. Kí ó má sì rò pé òun nìkan ni: nínú ìwádìí tí Lasisi, Abiona àti Gureje tẹ̀ jáde ní 2010 lórí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá, ó ju ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ tó ń gbọ́ ariwo nínú etí.

Bí o bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, má wulẹ̀ sọ pé "etí ń yọ mí lẹ́nu." Sọ etí tí ó jẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń pẹ́ tó, ohun tó ń jí i àti ohun tó ń mú un dákẹ́, bóyá òòyì wà níbẹ̀, àti gbogbo oògùn àti abẹ́rẹ́ tí o ti lò. Bó bá ṣeé ṣe, mú ẹni tí ẹ jọ ń gbé dání, torí àwọn ará ilé ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé a kò gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀.