NEPA Mú Iná Lọ: Èló Ló Bá A Lọ?

Lọ́dún 2021, Bánkì Àgbáyé sọ pé àìsí iná tó ṣeé gbọ́kàn lé ń mú kí Nàìjíríà pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 26 dọ́là lọ́dọọdún. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò irú nǹkan báyìí? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: ẹ bi oníṣòwò léèrè. Àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Oníbàárà tó kúrò lọ́dọ̀ onídìrí lónìí lè padà wá lọ́la. Owó yẹn kò sọnù, ó kàn pẹ́ ni. Ti ẹlẹ́ja tútù yàtọ̀. Wákàtí méjì kò ṣe ẹja inú fíríísà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ méjì, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Wákàtí kan kò jọ wákàtí kan.

Ọ̀nà kejì: ẹ wo owó jẹnẹrétọ̀. Ká sọ pé ó ń jẹ epo lítà 1 láti fún yín ní yúníìtì iná 1 ní wákàtí kan, tí lítà sì jẹ́ ₦900. Ní April 2024, NERC sọ yúníìtì Band A di ₦225. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦675. Wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù: ₦70,200 ti lọ nìyẹn, a ò tíì ka ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì.

Ọ̀nà kẹta: èló lẹ máa san kí iná má lọ? Magodo dáhùn ìbéèrè yìí. Kó tó di 2020, àwọn ará Phase 2 ní Shangisha bá Ikeja Electric ṣe àdéhùn: kí iná pọ̀ sí i, kí owó náà ga sí i. Ẹni tó ń ra dísù mọ̀ pé èrè ṣì ni.

Ṣùgbọ́n àpò èèyàn ni ọ̀nà yìí ń wọ̀n, kì í ṣe àdánù rẹ̀ nìkan. Aránṣọ kan ní Ketu lè pàdánù ìdajì owó ọjọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kó má ní ohun tó máa fi kún owó iná. Bó bá jẹ́ ohun tí èèyàn lè san nìkan la fi ń pín iná, àdánù tiẹ̀ kò ní hàn nínú ìṣirò rárá.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbìyànjú èyí fún oṣù kan: ẹ kọ ìgbà tí iná lọ, ìgbà tó dé, lítà epo, ọjà tó bàjẹ́, àti iṣẹ́ tó lọ tí kò padà. Kí ẹ tó ra sólà tàbí ínfátà, ẹ fi àròpọ̀ rẹ̀ wé owó rẹ̀.