Dírẹ́bà Tí A Mú Ní Ìgbèkùn

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ti kú lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Ṣakí ọmọ Àṣàbàrí. Ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí inú dísìkì rẹ̀ ni mo kó ohùn àwọn àgbà ahunṣọ Ìsẹ́yìn pa mọ́ sí, àwọn tó jókòó sídìí òfì, tí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàlàyé fún mi bí a ṣe ń rẹ òwú sínú aró títí yóò fi di ẹtù, àti ohun tó sọ sányán di bàbá aṣọ. Méjì nínú wọn ti re ibi àgbà á rè. Ọmọ náà tú ìdí ẹ̀rọ, ó yọ dísìkì, ó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí kì í lo Windows bí tèmi, bí kò ṣe Linux.

Dísìkì kò yàtọ̀ sí àká: ẹni tó to ẹrù sínú rẹ̀ ló mọ ibi tí nǹkan wà. Ìlànà ìtòjọ tí Windows ń lò ni NTFS, tó jáde ní 1993; ìránṣẹ́ tó mọ ìtò náà, tó ń wọlé tó ń jáde bá wa gbé fáìlì, ni wọ́n ń pè ní dírẹ́bà. Microsoft ló ni NTFS, wọn kò sì jẹ́ kí aráyé mọ bí inú rẹ̀ ti rí. Linux ní tirẹ̀, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kò fi nǹkan kan pamọ́: ẹnikẹ́ni ló lè ka bí a ti kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, Linux lè yọjú wo inú àká NTFS, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má da gbogbo ẹrù rú.

Ẹ jẹ́ kí á ní gbajúmọ̀ ahunṣọ kan wà ní Ìsẹ́yìn tí kò jẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́. A wá mú òun fúnra rẹ̀ wá sí Ṣakí, a gbé òfì kalẹ̀ fún un bíi ti ilé rẹ̀ gẹ́lẹ́, a fi ìtẹsẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀, a sì kọ́ àwọn ọmọdé tí yóò máa dá a lóhùn bí ará ilé rẹ̀ ti ń dáhùn, títí ó fi ń hunṣọ lọ láìfura pé òun ti kúrò nílé. Ohun tí Jan Kratochvil, ọmọ ilẹ̀ Czech, ṣe ní 2003 nìyẹn. Dírẹ́bà Windows XP gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ntfs.sys, ló mú, kò tú u, kò sì yí i padà. Ó kọ́ ilé tó jọ Windows yí i ká nínú Linux, púpọ̀ nínú igi tó fi kọ́lé náà ló sì rí gbà lọ́dọ̀ àwọn ReactOS, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Windows. Gbogbo ohun tí dírẹ́bà bá ké fún, ilé náà a jẹ́ ẹ lóhùn. Yàrá ọ̀tọ̀ ló tì í mọ́, pé bó bá ṣubú, kó má gbé kọ̀ǹpútà ṣubú. Orúkọ tó sọ iṣẹ́ náà ni Captive, èyíinì ni ẹni ìgbèkùn. Kò pín ntfs.sys kiri, torí kì í ṣe tirẹ̀. Kálukú ni yóò mú un láti inú Windows tó ti ní.

Mo yẹ́ ọkùnrin náà sí gidigidi. Síbẹ̀, aṣọ àyáwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lọ́rùn, a ṣoni lápá. Iṣẹ́ náà falẹ̀, bí àìsàn kan bá sì wà nínú ntfs.sys, kò sí ẹni tó lè la inú rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn fi sùúrù wo bí NTFS ti ń tòjọ títí wọ́n fi mọ iṣẹ́ náà fúnra wọn: NTFS-3G tí Szabolcs Szakacsits ṣe gòkè àgbà ní 2007, Captive sì di ìtàn. Ilé iṣẹ́ Paragon, tó ti ń ta dírẹ́bà tirẹ̀ tipẹ́, náà yọ̀ǹda òmíràn fún Linux, ó sì wọ inú Linux 5.15 ní 2021.

Ọmọ náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ńṣe ni ẹ̀rọ yín sùn kó tó kú, Windows kò sì tíì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kíkà nìkan la máa kà á, a ò ní kọ nǹkan kan sí i.” Ó da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísìkì mìíràn, ó wá tẹ fáìlì àkọ́kọ́. Ìró òfì ló kọ́kọ́ jáde, kà-kà-kà, kí ohùn ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà tó gbà á, tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.