Èéfín Jẹnẹrétọ̀ Nínú Ilé àti ní Mọ́sálásí

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ẹni tó bá jẹ aáyù tàbí àlùbọ́sà tútù láti wá sí mọ́sálásí, kí òórùn ẹnu rẹ̀ má baà ni àwọn olùkírun lára. Àlùbọ́sà lásán nìyẹn o, tí kì í pa ènìyàn. Kí la ó wá sọ nípa jẹnẹrétọ̀ tó ń tú èéfín sí ojú fèrèsé?

Lọ́dún 2020, Báǹkì Àgbáyé gbé ìwádìí jáde lórí afẹ́fẹ́ ìlú Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí fa ikú àìtọ́jọ́ bí 11,200. Nínú 100 tó kú, bí 60 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà, ó sì ń mí léraléra ju àgbà lọ. Mọ́tò, ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ bí orísun pàtàkì. Méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ìjọba ló pọ̀ sí jù. Ẹ̀kẹta, àwa fúnra wa là ń fa okùn rẹ̀ lálaalẹ́.

Èéfín dúdú tí a ń rí burú: lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń dá òtútù àyà àti ásímà sílẹ̀, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a kò rí ló ń pani lójú oorun. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí a bá mí i sínú, á gba àyè tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì máa rọ ènìyàn títí kò fi ní lè dìde ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn onímọ̀ ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ní ilé face-me-I-face-you, ibo la ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ bàtà 20? Ẹ gbé e jìnnà dé ibi tí àyè bá gbà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí gbangba, kí gbogbo ayálégbé sì fẹnu kò láti pa á kí wọ́n tó sùn. Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná, bó ti wù kí olè pọ̀ tó ládùúgbò.

Ní mọ́sálásí, ẹ̀yìn ilé ni jẹnẹrétọ̀ sábà máa ń wà, ẹ̀yìn náà sì ni ààyè àwọn ìyá wa. Lásìkò ààwẹ̀ tí à ń kí àṣámù, ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn ni èéfín yẹn ń fẹ́ lù. Owó sólà kò kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ gbé ẹ̀rọ kúrò lójú fèrèsé, wáyà gígùn nìkan ló gbà.

Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ẹ gbé e jáde sí gbangba, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni májèlé yìí wà, kì í ṣe inú ikùn. Ọ́síjìn ilé ìwòsàn ló ń lé e. Ẹ sọ fún dókítà pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n má baà máa tọ́jú ibà.