Gberefu: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀ Kó Tó Sọdá Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ ṣe fàájì ní Àgbádárìgì ló máa ń padà sílé láì dé ibi tí ìtàn ìlú náà parí sí. Wọ́n á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹun létí ọ̀sà, ó tán. Bẹ́ẹ̀, òdìkejì omi tí wọ́n jókòó tì yẹn gan-an ni erékùṣù Gberefu wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Ẹrú tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó dìgbóṣe.

Ọjọ́ kan péré tó láti rí ìlú àti erékùṣù náà, bí èèyàn bá tètè dé láàárọ̀, tó sì ní atọ́nà tó mọ ibẹ̀ dáadáa. Àmọ́ inú ìlú ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sáré wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, iyanrìn àti igi àgbọn ni yóò rí, yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ni gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa nípa ibẹ̀.

Àwọn atọ́nà sábà máa ń mú àlejò lọ sí ọjà ẹrú Vlekete, ilé ẹbí Mobee, àti agboolé Seriki Williams Abass tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon. Nílé Mobee, ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n fi de ẹrú ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé Abass ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní yàrá 40 ló wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ẹrú 40 sì ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró nínú yàrá tó ṣẹ́kù, tó rí bó ṣe há tó, á máa ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ìṣirò náà ò sì ní bá a lára mu.

Abass fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ọmọ Ìjọ̀gá Orílé nílẹ̀ Yewa ni. Ọmọdé ló wà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey mú un, tí wọ́n tà á fún oníṣòwò ará Brazil kan, tí ìyẹn sì mú un sọdá òkun. Nígbà tó padà wálé, òwò ẹrú yẹn náà ló fi di ọlọ́rọ̀, ó sì di olóyè ńlá kó tó kú ní 1919. Inú agboolé náà ni ibojì rẹ̀ wà. Atọ́nà tó bá fo apá yìí torí pé kò dùn ún gbọ́, àbọ̀ ìtàn ló sọ. Kí àlejò náà sì rántí pé ilé onílé ni òun wà: àwọn ọmọ ẹbí ṣì ń gbé ibẹ̀, kó tọrọ àyè kó tó gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò.

Láti ibẹ̀, èèyàn lè yà wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845, níbi tí Samuel Àjàyí Crowther gbé rí, àti ibi tí igi Agia wà, tí wọ́n ti wàásù Kírísítì ní 1842. Igi náà ti wó ní 1959, òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Kí ló wá dé tó jẹ́ erékùṣù ni wọ́n ń kó ẹrú gbà? Ọ̀sà ló wà níwájú Àgbádárìgì, kì í ṣe òkun. Ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó kò lè wọlé wá síbẹ̀, ìgbì tó ń fọ́ sétí òkun kò sì jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ilẹ̀. Ojú agbami ni wọ́n ń dúró sí. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gbé ẹrú sọdá ọ̀sà, wọ́n á rìn ín la Gberefu já nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n á tún fi ọkọ̀ kékeré gbé e gba inú ìgbì lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ lónìí nìyẹn.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ti ṣe oògùn sí i, wọ́n á sì ní kí ẹrú mu níbẹ̀ kó lè gbàgbé ilé, kó má baà lè bá wọn fà á. Bí omi náà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kò jọ pé ó ṣiṣẹ́ délẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ ni wọ́n di Lucumí ní Cuba àti Nagô ní Bahia, títí di òní ni wọ́n sì ń bọ Ṣàngó àti Yemọja lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn kànga, igi àgbọn ló kù lọ́tùn-ún lósì, títí ariwo òkun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ibẹ̀ rẹwà gan-an, èyí sì máa ń da àlejò lójú rú. Òpó méjì ló dúró létíkun, wọ́n kọjú sí agbami. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀ o: ìgbì etíkun yìí máa ń fa èèyàn lọ, ẹni tó mọ̀wẹ̀ pàápàá.

Ní ti ọkọ̀ ojú omi, kí àlejò fẹnu kò pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ lórí owó kó tó wọlé, kó bi í bóyá àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀. Kó mú owó kẹ́ṣì dání. Bí kò bá sí láífù jákẹ́ẹ̀tì tó tó o, kó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Bàtà pẹlẹbẹ ló dára fún iyanrìn náà, kó sì gbé omi dání. Ẹni tó bá ń padà sí Èkó, kó tètè kúrò ní erékùṣù kí oòrùn tó rọ̀, torí gosló ọ̀nà Àgbádárìgì sí Mile 2 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́ bá pàdé lálẹ́.