Àpò Owó Tí Gbogbo Ayé Ń Wò

Kò sí ẹni tí kò mọ alájọ nínú yín. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa rìn káàkiri ọjà. Yóò gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta, yóò gbà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja, yóò sì fa ìlà sí káàdì olúkúlùkù. Iye tó wà nínú káàdì ìyá aláta, òun àti alájọ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé alájọ kan gbé ìwé rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọjà, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè ṣí i, kí ó ka iye tí wọ́n dá, ọjọ́ tí wọ́n dá a, àti ọwọ́ tí owó náà bọ́ sí. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀ o. Àmì ni ó fi dípò orúkọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé Bitcoin, èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn owó tí a ń pè ní kírípítò.

Owó yìí kò ṣeé fọwọ́ mú, kò sì sí báǹkì tó ni ín. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló sì ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ lónìí, wọn kì í sì í pa ohun tí a ti kọ sínú rẹ̀ rẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan fi Bitcoin 10,000 gba pizza méjì, oúnjẹ pẹlẹbẹ kan bíi búrẹ́dì. Bí ẹ bá ṣí ìwé náà lónìí, ìlà ìsanwó ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ gbọnyingbọnyin. (N kò ní sọ iye tí owó náà ì bá jẹ́ lónìí fún yín, kí oúnjẹ alẹ́ má baà há yín lọ́fun.)

Àmì tó dúró fún orúkọ yìí ni a ń pè ní àdírẹ́sì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gùn gbọọrọ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ àwọn kò ti sí nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè mọ ohun tí àwọn ní. Àṣìṣe ńlá ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí oníbàárà pé kí ó fi san owó iṣẹ́, ọjọ́ náà ni ó mọ ẹni tó ni àmì ọ̀hún. Kì í sì í ṣe owó tirẹ̀ nìkan ni yóò rí. Yóò rí gbogbo èyí tó ti wọlé sí i àti gbogbo èyí tó ti jáde. Ẹni tó bá wá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán ara rẹ̀ lórí Facebook, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi káàdì àjọ rẹ̀ lẹ ògiri.

Ẹ wo bí ìwé yìí kì í ti í gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, àwọn olè jí Bitcoin 119,754 ní Bitfinex, ilé ìpààrọ̀ owó kan. Wọ́n gbé díẹ̀ síhìn-ín, wọ́n gbé díẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ojú lè dà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà mú tọkọtaya kan, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé Bitcoin tó lé ní 94,000. Àwọn ọlọ́pàá ti tẹ̀ lé ipasẹ̀ owó náà láti àdírẹ́sì dé àdírẹ́sì. Nígbà tí wọ́n sì tú ibi tí ọkọ kó ìwé rẹ̀ pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ owó ọ̀hún níbẹ̀. Inú wa dùn pé ọwọ́ tẹ olè, ṣùgbọ́n ojú kan náà tó tọ olè lẹ́yìn lè tọ èmi àti ẹ̀yin lẹ́yìn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ san owó fún yín, ẹ lo àdírẹ́sì tuntun. Ọ̀pọ̀ wọ́lẹ́ẹ̀tì Bitcoin ló ń fúnni ní òmíràn ní gbogbo ìgbà láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ya owó ìpamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò, nítorí bí ẹ bá da owó inú àdírẹ́sì méjì pọ̀ san gbèsè kan, ẹni tó ń wo ìwé yóò fura pé ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan a tilẹ̀ máa ju ẹ̀rún owó sí àdírẹ́sì ẹni ẹlẹ́ni, kí wọ́n lè mọ ibi tí yóò bá owó yòókù jáde sí. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Orúkọ àti ilé yín náà tún jẹ́ ohun ìpamọ́. Ledger, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé kan, ń ṣe irin-iṣẹ́ kékeré tí a fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ owó yìí. Ní ọdún 2020, wọ́n jí àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, wọ́n tú orúkọ, ibùgbé àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó lé ní 270,000 sí gbangba. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo nínú ohun tí wọ́n jí, ṣùgbọ́n àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí wọ́n kàn. Ní ọdún 2021, àwọn kan rí irin-iṣẹ́ ayédèrú gbà láti ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà pé kí wọ́n fi pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀.

Kí ni kọ́kọ́rọ́ yìí gan-an? Ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ́lẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24, tí a ṣà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ló ni owó, ì báà wà ní Èkó, ì báà wà ní òkè òkun. Kò sí ọ̀gá báǹkì tí ẹ ó lọ bẹ̀. Ẹ má yà á ní fọ́tò, nítorí fóònù púpọ̀ a máa fi ẹ̀dà fọ́tò ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbi olówó rẹ̀ léèrè. Bíírò àti ìwé ló dára jù. Ẹ kọ ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi wọ́n sí ibi méjì tí iná kan kò lè jó pọ̀.

Ọmọ kan tí mo kọ́ rí, tí ó ti di télọ̀, a máa rán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù, kírípítò sì ni àwọn mìíràn fi ń sanwó fún un. Lọ́jọ́ kan owó kan pẹ́ kó tó dé. Ó béèrè ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnì kan lè ran òun lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan fi kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé òṣìṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì náà ni òun. “Ẹ má mikàn rárá, màmá. Ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ 12 yín síbí kí n fi yẹ̀ ẹ́ wò.” Ó kọ ọ́. Kí ó tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná, owó ọdún kan tí ó ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ti lọ. “Tíṣà, ẹ gbà mí,” ni ó ń sọ lórí fóònù. N kò rí nǹkan ṣe fún un. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn láé. Lẹ́yìn èyí, àwọn mìíràn tún kọ̀wé sí i pé àwọn lè bá a gba owó náà padà bí ó bá lè san owó iṣẹ́ díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ó ti gbọ́n nígbà náà.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí kò nílò kọ́kọ́rọ́ rárá. Àdírẹ́sì Ethereum ní àmì 40 lẹ́yìn 0x tó wà níwájú rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn sì ni ojú wa ń wò. Olè yóò ṣe àdírẹ́sì tí orí àti ìrù rẹ̀ jọ ti ẹni tí ẹ máa ń sanwó fún, yóò sì ti í wọ inú àkọsílẹ̀ ìsanwó yín, kí ẹ lè ṣèèṣì dà á kọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹnì kan ṣèèṣì bẹ́ẹ̀, ó sì fi owó tó tó mílíọ̀nù 68 dọ́là ránṣẹ́ sí olè. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, olè náà dá èyí tó pọ̀ jù padà. Ẹ má retí irú olè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àdírẹ́sì ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì ka gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìrù kí ẹ tó fọwọ́ tẹ ìránṣẹ́.

Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ ni ti CBEX, nítorí ilẹ̀ wa ni ó ti ṣẹlẹ̀. Lójú fóònù, owó àwọn ènìyàn ń gbèrú lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọn kò rí i gbà mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè gba tiwọn. Ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń ru àga jáde. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ yìí, kọ́kọ́rọ́ kò fìgbà kan sí lọ́wọ́ wọn.

Télọ̀ mi ti ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wá sí ilé mi, ó fa àpòòwé kan yọ láti fi hàn mí pé òun ti kọ ọ̀rọ̀ tuntun náà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí mo ti wí. Mo yára yí ojú mi sí ògiri, mo ní kí ó dá a padà sínú àpò rẹ̀.