Láti Orí Gíríìn Káàdì Dé Ọjọ́ Ìbúra: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Mọ̀

Nínú àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń bi wá, ọ̀kan wà tí kì í tán: “Mo ti gba gíríìn káàdì. Ṣé ó tún di dandan kí n di ọmọ ìlú wọn?” Àwọn kan ń bẹ̀rù ìdánwò. Àwọn mìíràn rò pé àwọn yóò sọ orílẹ̀-èdè bàbá wọn nù. Àwọn tó pọ̀ jù kàn ń sún un síwájú ni. A rò pé ó tó àkókò kí a jókòó, kí a sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Màmá kan wà láàrin wa, ẹni ọdún 68. Ọdún 22 ni wọ́n ti fi wà lórí gíríìn káàdì, wọ́n sì ti bá wa tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta dàgbà. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi tíì kọ̀wé, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò kọjá ti inú ọjà. Kí ni n ó sọ níwájú òyìnbó?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún Màmá pé òfin ti ro ti àwọn àgbà bíi tiwọn mọ́ ọn. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ Màmá.

KÍ NI ÌYÀTỌ̀ TÓ WÀ NÍBẸ̀?

Gíríìn káàdì fún ènìyàn láyè láti gbé àti láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àlejò ni onítọ̀hún síbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dìbò yan Ààrẹ. Bí ó bá pẹ́ jù nílé, ìjọba lè sọ pé ó ti fi ibùgbé rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá dá irú ẹ̀ṣẹ̀ kan, wọ́n lè dá a padà sí ìlú rẹ̀. Kò sì lè kọ̀wé pe bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìlú tó ti pé ọdún 21 nìkan ló ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2001, òfin sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tó ní gíríìn káàdì, tó sì ń gbé lábẹ́ ìtọ́jú òbí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, yóò di ọmọ ìlú ní ọjọ́ tí òbí náà bá búra. Arákùnrin kan láàrin wa ń sọ lọ́dọọdún pé, “Ó di ọdún tó ń bọ̀.” Nígbà tó yá, ó kọ̀wé, ó sì búra ní oṣù kẹfà. Àkọ́bí rẹ̀ ti pé ọdún 18 ní oṣù kẹrin. Àbúrò di ọmọ ìlú lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì rí i gbà. Oṣù méjì péré ló ya àwọn ọmọ ìyá kan náà nípa. Títí di òní, bàbá náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kò sí ìtìjú nínú wíwá ẹ̀tọ́ yìí. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ ìlú Róòmù ni òun nígbà tí wọ́n ti dè é tí wọ́n fẹ́ nà án, ọ̀rọ̀ kan yẹn ló sì gbà á lọ́wọ́ pàṣán.

TA NI Ó LÈ KỌ̀WÉ?

Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 5 lórí gíríìn káàdì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ìlú fún ọdún 3, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ ní gbogbo ọdún 3 náà, ọdún 3 ti tó. A lè fi ìwé ránṣẹ́ nígbà tó bá ku 90 ọjọ́ kí àkókò náà pé. Nínú ọdún 5 yẹn, ẹsẹ̀ ẹni gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún oṣù 30, ó kéré tán; fún àwọn ọlọ́dún 3, oṣù 18 ni. A sì gbọ́dọ̀ ti gbé fún oṣù 3 ní ìpínlẹ̀ tí a ti ń kọ̀wé.

ÌRÌN ÀJÒ SÍLÉ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀. Ìyá ń ṣàìsàn, ìsìnkú délẹ̀, ilé tí à ń kọ́ kò tíì parí, oṣù sì ń gorí oṣù. Bí a bá lo ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn odi tí kò sì pé ọdún kan, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò béèrè ẹ̀rí pé ilé wa, iṣẹ́ wa àti ìdílé wa ṣì wà ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá pé ọdún kan, ònkà ti já nìyẹn. Ẹni tó ń ka ọdún 5 yóò dúró fún ọdún 4 àti ọjọ́ kan lẹ́yìn tó bá padà wọlé kó tó lè kọ̀wé.

Arábìnrin kan lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn fún oṣù 13. Ó ti gba ìwé àṣẹ àtiwọlé padà kó tó lọ, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé yẹn mú un wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba ònkà rẹ̀ là. Kò ṣe ohun tí kò dára. Ta ni yóò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí àìsàn? Ohun tó dùn ún ni pé kò sí ẹni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ wọlé sínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà yóò béèrè rẹ̀.

ÌWÀ WA ŃKỌ́?

Òfin béèrè ìwà rere. Wọn yóò wò ó bóyá à ń kọ̀wé owó orí wa lọ́dọọdún. Ẹni tó bá jẹ gbèsè owó orí, kó lọ ṣe àdéhùn bí yóò ṣe máa san án, kó sì mú ìwé àdéhùn náà lọ́wọ́. Wọn yóò béèrè owó ìtọ́jú ọmọ tí ilé ẹjọ́ bù fún wa. Ọkùnrin tó gbé ibẹ̀ nígbà tó wà láàrin ọdún 18 sí 25, wọn yóò bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ fún Selective Service, ìyẹn orúkọ àwọn tí a lè pè sí iṣẹ́ ológun. Bí ọlọ́pàá bá ti mú wa rí, bí ilé ẹjọ́ tilẹ̀ dá wa sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìdìbò. Níbi tí a ti ń gba láísẹ́ǹsì awakọ̀, wọ́n lè bi wá bóyá a fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn wa títí a ó fi búra. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ tàbí tó ti dìbò ní àìmọ̀, kó kọ́kọ́ rí lọ́yà kó tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, nítorí ó lè di ọ̀rọ̀ ìdápadà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó kù láì fi bò: ìgbéyàwó tí a ṣe nítorí ìwé. Gbogbo ìwé tí a ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní ni òṣìṣẹ́ lè ṣí lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Irọ́ tí a fi gba gíríìn káàdì lè gba káàdì náà lọ́wọ́ wa. Ilé ẹjọ́ sì lè gba jíjẹ́ ọmọ ìlú pàápàá padà, bó ti wù kó pẹ́ tó. A kò lè parọ́ sínú fọ́ọ̀mù tán kí a wá ní kí ìjọ bá wa gbàdúrà lé e.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Fọ́ọ̀mù N-400 ni à ń kọ, ọ́fíìsì USCIS ni a sì ń fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ra á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, dọ́là 710 ni owó rẹ̀ bí a bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 760 bó bá jẹ́ ti orí ìwé, àti dọ́là 380 fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Òfin ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì sá fún àwọn tó ń pe ara wọn ní amọ̀ràn tí wọn kì í ṣe lọ́yà.

Lẹ́yìn èyí ni ìtẹ̀ka, lẹ́yìn ìtẹ̀ka ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. A óò búra pé òtítọ́ ni a óò sọ, òṣìṣẹ́ yóò sì bá wa ka fọ́ọ̀mù wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A óò ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, a óò sì kọ ọ̀kan. Ìdánwò ìtàn àti ìjọba Amẹ́ríkà tún wà. Ẹni tó bá kọ̀wé láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè 128 ni yóò kọ́. Wọn yóò bi í tó 20, yóò sì gba 12. Ẹni tó ti kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà, 100 ni yóò kọ́; wọn yóò bi í ní 10, yóò gba 6. Ẹni tí kò bá yege yóò tún rí ààyè kan sí i láàrin 60 sí 90 ọjọ́.

Fún àwọn àgbà: ẹni tó bá ti pé ọdún 50 tó sì ti lo ọdún 20 lórí gíríìn káàdì, tàbí ẹni ọdún 55 tó ti lo ọdún 15, kò ní ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Yóò mú ògbufọ̀ lọ, yóò sì dáhùn ní èdè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Yorùbá! Ẹni ọdún 65 tó ti lo ọdún 20, ìbéèrè 20 péré ni yóò kọ́. Wọn yóò bi í ní 10, yóò gba 6.

ṢÉ A Ó SỌ NÀÌJÍRÍÀ NÙ?

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 28, kò gba jíjẹ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà nítorí pé ó di ọmọ ìlú mìíràn. Síbẹ̀, ìbúra kì í ṣe eré. Nínú rẹ̀ ni a ti ń sọ pé a kò sí lábẹ́ ọba tàbí ìjọba ilẹ̀ mìíràn mọ́, a sì ń ṣèlérí láti gbèjà Amẹ́ríkà. Kí olúkúlùkù kà á dáadáa nílé, kó sì mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ.

Màmá ńkọ́? Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ wọn máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, wọ́n sì ń fi àwọn ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ṣì í pè. Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà léra wọn. Lọ́jọ́ ìbúra, wọ́n wé gèlè, wọ́n dá gíríìn káàdì padà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Bí a ti jáde síta, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni pé, “Ìgbà wo ni ìdìbò?”

Ẹ̀yin ará, ẹ mú káàdì yín jáde lálẹ́ òní. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ ka ọdún yín, kí ẹ sì ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín pẹ̀lú.